Ṣé ọmọ yín mọ ohun tí kò gbọdọ̀ sọ lórí fóònù?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gba fóònù ìyá rẹ̀, ó ń gbá géèmù. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé, nọ́ńbà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan, ẹnì kan tún kọ̀wé wọlé lórí WhatsApp: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ bá mi kọ ọ́ padà kíákíá." Àwòrán tó wà lórí rẹ̀, àwòrán Àǹtí kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọmọ náà ka nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́, ó sì fi "Ẹ kú iṣẹ́ mà" kún un. Ó padà sídìí géèmù rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù ìyá yẹn ti ń gba ọ̀rọ̀ pé ó nílò ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ní kíákíá, pé tó bá di ọ̀la òun á dá a padà.

Àpẹẹrẹ la fi ṣe o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó ká wa lára jù níbẹ̀ ni pé ọmọ yẹn ò ṣe ohunkóhun tí a ò kọ́ ọ nílé. Àgbàlagbà ní kó bá òun ṣe nǹkan, ó ṣe é. Ó tún kí i. Bó bá jẹ́ ojúkojú ni, a ó ní ọmọ dáadáa ni. Orí fóònù ló ti di wàhálà. Nítorí èyí la ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, àti ẹ̀yin màmá àgbà tí àwọn ọmọ-ọmọ máa ń gba fóònù lọ́wọ́ yín. Ẹ̀kọ́ ilé tí a fún àwọn ọmọ wa dára. Ó kù díẹ̀ tó yẹ ká fi kún un.

Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?

WhatsApp kì í mọ ojú ènìyàn, nọ́ńbà fóònù ló mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ nọ́ńbà yín sínú WhatsApp lórí fóònù tirẹ̀, WhatsApp á fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí síìmù yín, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ń wọlé lóòótọ́. Ẹni tó bá ti rí nọ́ńbà mẹ́fà náà tẹ̀, òun ni WhatsApp máa kà sí ẹni tó ni ín. Gbájú-ẹ̀ ò nílò láti jí fóònù gbé, kò sì nílò láti mọ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tó ń wá ò ju ẹni tó máa ka nọ́ńbà náà fún un lọ. Àǹtí ṣọ́ọ̀ṣì tí àwòrán rẹ̀ hàn yẹn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi gba tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òun náà ṣì máa wá bí yóò ṣe wọlé padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí OTP. Ọmọ ò nílò láti mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo ni kó mọ̀: nọ́ńbà tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, ẹni tó ni fóònù nìkan ló ni ín. A kì í kà á fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, ìbáà jẹ́ àfáà.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín ńkọ́? Ẹ tẹ nọ́ńbà yín sínú WhatsApp padà, ẹ gba nọ́ńbà mẹ́fà tuntun, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò já kúrò lórí fóònù ẹni tó gbà á. Bí onítọ̀hún bá ti sáré fi PIN tirẹ̀ sí i, ó lè gba ọjọ́ méje kí ẹ̀yin tó ráyè wọlé, ṣùgbọ́n òun náà á ti jáde. Kí ọ̀rọ̀ má baà dé ibẹ̀ rárá, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ yan PIN oní-nọ́ńbà mẹ́fà. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ má fi ọjọ́ ìbí ọmọ yín ṣe é o, a ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n fóònù ò lójú

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí àlejò bá wọ inú ilé, ọmọ á rí ojú rẹ̀, á rí aṣọ ọrùn rẹ̀, á rí bí màmá ṣe dìde kí i tàbí bí kò ṣe dìde. Inú gbogbo èyí ni ọmọ ti ń mọ ẹni tó yẹ kó dá lóhùn àti ẹni tó yẹ kó sá fún. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Àǹtí lè jẹ́ ọkùnrin ẹni ogójì ọdún. Ẹni tó ní JSS 2 lòun wà, tó ń bá ọmọ yín gbá géèmù láti ìlú míì, gbogbo alángbá ló danú délẹ̀ ni, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Torí náà, kì í ṣe "ṣọ́ra fún íńtánẹ́ẹ̀tì" ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Ìyẹn ò yé ọmọdé rárá. Ohun tó yẹ kó gbọ́ ni pé: "Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nǹkan nípa wa lórí fóònù, tó ò dá a lóhùn, mi ò ní bá ẹ wí. Kódà kó jẹ́ àgbàlagbà. Kódà kó máa bínú." Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún un, nítorí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá ò lè dá ronú kan ìyẹn. Gbogbo ohun tó ti ń gbọ́ láti kékeré ni pé kó dáhùn tí àgbà bá ń pè.

Ẹ tún fún un ní gbólóhùn tó máa lò. "Ẹ jẹ́ kí n bi mọ́mì mi léèrè ná." Kò sí àrífín nínú gbólóhùn yìí, kò sí irọ́ níbẹ̀, ó sì ń lé gbájú-ẹ̀ ju èébú lọ, torí ohun tí gbájú-ẹ̀ ò fẹ́ náà ni pé kí àgbàlagbà dá sí i. Fún àwọn kéékèèké, ẹ fi ṣeré: kí ẹ̀gbọ́n ṣe bí ẹni tó ń pè láti báńkì, kí àbúrò máa dá a lóhùn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín gan-an ni, ṣùgbọ́n ẹnu wọn á mọ́ ọn.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin òbí. Ọmọ tó bá jẹ ìgbátí nítorí pé ó wá jẹ́wọ́ pé òun ti fún ẹnì kan ní nọ́ńbà Dádì, kò ní wá sọ èkejì. Èkejì yẹn ló sì máa ń burú. Irinṣẹ́ tó lágbára jù lọ́wọ́ àwọn tó ń dọdẹ ọmọ kiri lórí ayélujára ni "má sọ fún mọ́mì ẹ o." Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé tó bá ti gbọ́ gbólóhùn yẹn báyìí, ìyẹn gan-an ni kó sáré wá sọ.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni gbogbo èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá náà ló ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Aboyún ilé wa kì í sọ iye oṣù tí oyún rẹ̀ jẹ́ fún gbogbo ayé. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò kì í polongo ọjọ́ tó máa gbéra. Àwọn tó bí wa lọ́mọ mọ̀ pé ohun tí gbogbo ènìyàn bá mọ̀ nípa ẹni, ẹnì kan nínú wọn lè fi ṣe ẹni ní ibi. Fóònù ló jẹ́ ká gbàgbé.

Díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń kó o jọ

Bí ẹ bá bi ọmọ ọdún méjìlá kan pé ṣé ó ti fún àlejò ní àdírẹ́sì ilé rí, á ní rárá. Òótọ́ ló sì máa sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú òpó TikTok rẹ̀. Fídíò kan wà níbẹ̀ tó ti ń jó tòun ti yunifọ́ọ̀mù, báàjì ilé-ìwé hàn ketekete láyà rẹ̀. Nínú òmíràn, iwájú ilé ló dúró sí, pátákó kẹ́mísìtì tó wà ní òdìkejì títì hàn lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ó ń ṣàròyé pé lẹ́sìnnì òun kì í parí títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Kò dárúkọ àdírẹ́sì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ti mọ ilé-ìwé rẹ̀, ó ti mọ àdúgbò, ó ti mọ ọjọ́ àti wákàtí tí ọmọ náà máa dá rìn bọ̀ wálé.

Ìdí nìyí tí kò fi tó ká sọ fún ọmọ pé kó má sọ "ohun àṣírí". Kò sí èyí tó jọ àṣírí lójú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dárúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ọjọ́ ìbí, ilé-ìwé àti kíláàsì, òpópónà tí ẹ ń gbé, nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni nínú ilé, ibi tí Dádì ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí kò ní sí ẹnikẹ́ni nílé, páásíwọọ̀dù, NIN, BVN, àwòrán káàdì ATM. Àti àwòrán ara rẹ̀ láìwọṣọ, tàbí pẹ̀lú aṣọ díẹ̀. Ẹ má tijú sọ ìyẹn. Bí ẹ̀yin bá tijú, ẹlòmíì ò ní tijú béèrè.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí fóònù fúnra rẹ̀ ń sọ láìjẹ́ pé ọmọ la ẹnu. WhatsApp ní ohun tí wọ́n ń pè ní live location. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ fún ènìyàn ti gbà kí onítọ̀hún máa rí ibi tó wà bó ṣe ń rìn, fún ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8. Ó dára láàárín ìyá àti ọmọ. Fún ọ̀rẹ́ orí géèmù, rárá. Àwòrán tí a bá fi fóònù yà náà lè gbé ibi tí a ti yà á sínú, bí location bá wà ní títàn lórí kámẹ́rà. WhatsApp máa ń yọ ọ́ kúrò tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, gbogbo rẹ̀ ló máa bá a lọ. Ẹ kúkú pa á nínú settings kámẹ́rà.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti àwa Yorùbá: oríkì. Àjọkẹ́, Àlàbí, Àbẹ̀kẹ́, Àkànní. Inú ilé la ti ń pè é. Ọmọ tí ẹnì kan bá fi oríkì pè, ara rẹ̀ á wálẹ̀, á mọ̀ pé ẹbí nìyẹn. Ní báyìí, a ti ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán lórí Facebook: "Ẹ bá mi kí Àjọkẹ́ mi, ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ lónìí." Ẹni tó bá wá dúró sí géètì ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì, tó ní "Àjọkẹ́, mọ́mì ẹ ní kí n wá mú ẹ, mọ́tò wọn ló bàjẹ́," kọ́kọ́rọ́ ló mú wá yẹn. Ohun tí ọmọ fi ń dá ẹbí mọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojútùú rẹ̀ ò le. Kí ìdílé ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹlòmíì ò mọ̀, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè rántí, tó máa pa á lẹ́rìn-ín pàápàá, bíi "ẹ̀kọ tútù" tàbí "ìgbín ń sáré". Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rán láti lọ mú ọmọ, ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ ò tẹ̀lé e, ì báà kì í ní oríkì dé orí bàbá ńlá. Tí ẹ bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwa òbí ńkọ́?

Ká má purọ́, àwa là ń tú àṣírí ọmọ síta jù. Ọjọ́ ìbí bá dé, a ó kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́, oṣù àti ọdún, orúkọ ilé-ìwé, a ó kó àwòrán láti ìgbà ìkókó jọ, àwọn kan á fi èyí tí wọ́n ti ń wẹ̀ fún un sí i. Gbogbo ayé á ṣàmín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo PIN káàdì ATM yín. Ṣé kì í ṣe ọdún tí ẹ bí àkọ́bí yín ló wà níbẹ̀? Ẹ tún wo ìbéèrè tí báńkì àti àwọn ìkànnì míì máa ń bi ènìyàn láti fi dá a mọ̀: orúkọ ìdílé ìyá yín kó tó lọ sílé ọkọ. Obìnrin tó bá kọ orúkọ ilé bàbá rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ pọ̀ lórí Facebook, tó sì ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ hàn níbẹ̀, ti bá wọn dáhùn ìbéèrè yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà tó ẹni tó ń ṣí àkáǹtì.

A ò ní kí ẹ má ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ o. Ẹ lè gbé e síta ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Orúkọ kan ti tó. Ẹ fi ọdún sílẹ̀, ẹ fi yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀, kí ẹ sì yan Friends dípò Public kó jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ yín nìkan ló máa rí i. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọmọ tó bá ti tó ọdún méje, ẹ bi í: "Ṣé kí n gbé èyí síta?" Tó bá ní rárá, ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé ló máa mọ̀ pé ó yẹ kí ẹni ìta náà gbàṣẹ.

Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pàápàá. Abala kẹjọ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ìpè rẹ̀ lórí fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà kò gba agbára àmójútó kúrò lọ́wọ́ òbí. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Àwọn ilé-ìwé tó máa ń gbé àwòrán gbogbo ọmọ kíláàsì pẹ̀lú orúkọ àti máàkì wọn sórí Facebook, ọ̀rọ̀ kàn yín níbí.

Ta ló ní ọdún 13?

Facebook, Instagram àti TikTok, gbogbo wọn ló ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ní àkáǹtì. Àwọn òbí kan rò pé àwọn dókítà ló ṣe ìwádìí pé ọmọ ọdún 13 ti gbọ́n. Rárá o. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2000, ló fà á. Òfin náà ní ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba ìsọfúnni lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rí i pé ó rọrùn fún àwọn láti ní kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ má wá rárá ju kí àwọn máa wá òbí kiri.

Tiwa yàtọ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ní òbí tàbí alágbàtọ́ ló gbọ́dọ̀ fàṣẹ sí i kí wọ́n tó gba ìsọfúnni ọmọdé, ẹni tí kò bá sì tíì pé ọdún 18 ni òfin wa ń pè ní ọmọdé. Àjọ tí wọ́n ń pè ní NDPC ló ń bójú tó o, ẹ sì lè fẹjọ́ sun wọ́n.

Ohun tó dùn wá níbí ni bí àwọn òbí kan ṣe ń bá ọmọ yí ọdún ìbí padà kó lè ráyè wọlé. Láti oṣù Kìíní ọdún 2021, TikTok ti ń ti àkáǹtì ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 pa, kí ẹni tí ọmọ náà ò gbà láyè má lè rí fídíò rẹ̀. Àlejò ò sì lè kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ẹ bá fi ọdún 2001 ṣe ọdún ìbí fún, ẹ ti bá a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn sílẹ̀. Àgbàlagbà ni TikTok mọ̀ ọ́n sí. Kì í ṣe pé a ní kí ẹ fọkàn tán ilé-iṣẹ́ náà o: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àjọ tó ń bójú tó ìdáàbòbò ìsọfúnni ní Ireland bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 345 owó yúrò lé TikTok lórí, torí pé ní ọdún 2020, gbangba ni wọ́n fi àkáǹtì àwọn ọmọdé sí. Ṣùgbọ́n títì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn sàn ju ṣíṣí lọ.

NIN ò ṣeé pààrọ̀

Bí páásíwọọ̀dù bá jáde, ẹ lè yí i padà. Síìmù ṣeé pààrọ̀. NIN, nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn, ti ayérayé ni. Ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB gbọ́dọ̀ ní in, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa rí àwọn ọmọ SS 3 tí wọ́n ń ya fọ́tò ìwé NIN wọn sínú gúrúùpù WhatsApp kíláàsì pé kí ẹnì kan bá àwọn forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative kígbe síta pé ìkànnì kan ń ta NIN àti BVN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà. Àjọ NIMC ní kò sí ẹni tó wọ inú àkọsílẹ̀ tiwọn. Bó ti wù kó rí, iye tí wọ́n ń ta ìdánimọ̀ ẹ̀dá kan kò tó owó búrẹ́dì.

Torí náà, kí ọmọ mọ̀ pé a kì í fi NIN sínú gúrúùpù. Bó bá jẹ́ kááfè ló ti ṣe é, kó jáde kúrò nínú ímeèlì rẹ̀, kó sì pa fáìlì rẹ̀ rẹ́ kó tó dìde. Líǹkì "ìjọba ń pín dátà ọ̀fẹ́" tó ní kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà sílẹ̀, kó sì pín in fún gúrúùpù mẹ́wàá, kó má tẹ̀ ẹ́ rárá.

Fóònù Dádì àtijọ́

Níbi púpọ̀, fóònù tí Dádì ti lò gbó ni ọmọ ń jogún. Ímeèlì Dádì ṣì wà lórí rẹ̀, áàpù báńkì ṣì wà níbẹ̀, gbogbo nọ́ńbà àwọn ẹbí náà wà ńbẹ̀. Ẹ pa gbogbo ohun orí rẹ̀ rẹ́ kó padà dà bí ìgbà tó wá láti ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tó fà á lé ọmọ lọ́wọ́. Fún àwọn kékeré, Google ní ohun kan tó ń jẹ́ Family Link, ọ̀fẹ́ ni, ó máa jẹ́ kí ẹ rí áàpù tí ọmọ fẹ́ gbé sórí fóònù kí ẹ tó gbà á láyè. Fún èyí tó ti ń lo WhatsApp, ẹ jọ lọ sí Settings, kí ẹ tẹ Privacy. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ sí My contacts, kí ẹ sì fi Groups náà síbẹ̀ kí àlejò má baà máa kó o sínú gúrúùpù tí kò mọ̀. "Ẹ jọ" la sọ o. Èyí tí ẹ bá dá ṣe lẹ́yìn ọmọ, yóò dá a padà lẹ́yìn yín.

Bí ẹnì kan bá ń fi àwòrán halẹ̀ mọ́ ọmọ

Èyí ló wúwo jù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà rò pé ọmọbìnrin kan lòun ń bá sọ̀rọ̀ lórí Instagram. Ó fi àwòrán ìhòòhò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn máa fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ẹbí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọmọ náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Èkó níhìn-ín ni àwọn tó wà nídìí rẹ̀ wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà, ni wọ́n fà lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́, wọ́n sì rán wọn lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àwòrán yẹn nìkan kọ́ ló dẹ́rù ba ọmọ náà. Wọ́n mọ àwọn tí wọ́n lè fi hàn. Orúkọ ọ̀rẹ́ àti ẹbí tó wà ní gbangba lójú òpó ènìyàn, òun ni wọ́n sọ di pàṣán.

Bí irú rẹ̀ bá kan ilé yín, kí ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ní àkọ́kọ́ pé ẹ ò bínú sí i, pé kò sí ohun tí ojú ò rí rí. Ẹ má jẹ́ kó dá wà. Ẹ má san kọ́bọ̀, torí ẹni tó bá sanwó lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n tún máa padà wá bá. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ rẹ́, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù náà, ẹ fi nọ́ńbà àti orúkọ tí wọ́n lò pamọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ dí wọn lọ́nà. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 ka àwòrán ìhòòhò ọmọdé sí ọ̀ràn ńlá, yálà lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in kiri tàbí lọ́wọ́ ẹni tó kàn fi pamọ́ sórí fóònù, títí kan àwọn ọmọ kíláàsì tó ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí kí ẹ fi ẹjọ́ sun ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, NPF-NCCC, lórí ìkànnì wọn. L'Ékòó, 767 tàbí 112 ni kí ẹ pè bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Ìkànnì kan tún wà tó ń jẹ́ Take It Down, takeitdown.ncmec.org. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọ fúnra rẹ̀ lè lò ó láìsọ orúkọ, ibi yòówù tó bá wà láyé. Àwòrán náà kì í kúrò lórí fóònù rẹ̀. Àmì kan ni wọ́n máa mú lára rẹ̀, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá wọn dòwò pọ̀, Facebook, Instagram àti TikTok wà nínú wọn, kí àwòrán náà lè di ohun tí wọ́n máa yọ bó bá jáde níbẹ̀.